Liverpool, ìlú tí ẹrú àti epo pupa sọ di ọlọ́rọ̀

Ìlú kan wà lápá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé agbára káká lèèyàn fi máa rí àgbàlagbà kan l'Ékòó tí kò ní í ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn bàbá wọn mọ̀ ọ́n nítorí ọkọ̀ ojú omi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ kàwé nílùú òyìnbó láyé ìjọsí ti ń sọ̀kalẹ̀. Liverpool ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ní kí Liverpool san gbèsè tó jẹ ilẹ̀ Áfíríkà lónìí, kò dájú pé gbogbo ilé aláràbarà tó tò sétí omi ẹ̀ máa tó o san. Ìtàn ẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Odò tó ń kún, tó ń fà

Ẹ̀gbẹ́ odò Mersey ni Liverpool wà, níbi tí odò náà ti fẹ́ẹ́ wọnú òkun tó pààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ó tó nǹkan bíi igba máìlì. Téèyàn bá dúró sétí omi níbi tí wọ́n ń pè ní Pier Head, tó wá wo òdìkejì, ilẹ̀ Wirral ló ń wò yẹn, níbi tí Birkenhead àti Wallasey wà. Bí èèyàn ṣe ń dúró ní Marina tó ń wo Apapa ló rí gẹ́lẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò kọjá, rélùwéè ń gba abẹ́ odò lọ láti ọdún 1886, àwọn mọ́tò náà sì ní ọ̀nà méjì tiwọn lábẹ́ omi, èyí tí wọ́n ṣí ní 1934 àti èyí tí wọ́n ṣí ní 1971.

Ọdún 1207 ni Ọba John fún Liverpool níwèé àṣẹ láti di ìlú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ o. Ibi tí yóò máa gbà kó ọmọ ogun lọ sí Ireland ló ń wá, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ibi tó wà lábẹ́ àṣẹ ìjòyè tó ń ṣàkóso Chester. Títì méje péré ni wọ́n là síbẹ̀ nígbà yẹn. Títí dòní, Castle Street, Dale Street àti Water Street ṣì wà lójú ibi tí wọ́n là wọ́n sí. Toxteth, tó ti di àdúgbò gidi láàárín ìlú báyìí, igbó tí ọba ti ń ṣọdẹ ni nígbà náà.

Fún bí irínwó ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlú kékeré àwọn apẹja àti oníṣòwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni Liverpool. Ohun tó ń bá a jà ni odò Mersey fúnra ẹ̀. Odò náà a máa kún, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tó bá le jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà máa ń tó mítà mẹ́wàá, ìyẹn gíga ilé alájà mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá ń já ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí omi bá fà, orí ẹrẹ̀ ló máa jókòó sí. Ibòmíràn ni wọ́n á ti máa dá ọkọ̀ dúró lójú agbami, tí wọ́n á máa fi ọkọ̀ kékeré gbẹ́rù wá sétí omi. Ẹni tó bá mọ bí owó ṣe ń ṣòfò ní wáàfù yóò mọ̀ pé àdánù ńlá nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Steers ló wá bá wọn dá ọgbọ́n sí i. Ó gbẹ́ adágún ńlá kan sílẹ̀, ó mọ odi yí i ká, ó sì ṣe ilẹ̀kùn sí i lẹ́nu. Bí omi bá kún, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ wọlé, wọ́n á sì tì í kí omi má baà fà tẹ̀ lé ti odò. Bí odò tiẹ̀ gbẹ kanlẹ̀ lóde, ọkọ̀ á ṣì léfòó nínú lọ́hùn-ún. Ọdún 1715 ni wọ́n ṣí i, àwọn onímọ̀ sì gbà pé irú ẹ̀ àkọ́kọ́ fún òwò nìyẹn lágbàáyé. Old Dock ni wọ́n ń pè é. Wọ́n dí i pa lẹ́yìn ọdún 1826, wọ́n kọ́lé lé e lórí. Ìgbà tí wọ́n ń walẹ̀ láti kọ́ ọjà ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní Liverpool One, tí wọ́n ṣí ní 2008, ni wọ́n tún kan odi náà. Ó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń mú àlejò wọlé lọ wò ó.

Ọjà tí wọ́n ń tà nígbà yẹn

Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ̀ tó ń wọ Old Dock ń rà, kí ni wọ́n ń tà? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní 1699, ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Liverpool Merchant kúrò ní Mersey, ó forí lé Áfíríkà. Èèyàn dúdú 220 ló kó dé Barbados lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn oníṣòwò tó kù rí èrè tó wà nídìí ẹ̀, ni wọ́n bá rọ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n á di aṣọ tí wọ́n hun ní Manchester sọ́kọ̀, pẹ̀lú ìbọn, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun èlò bàbà. Wọ́n á wá sí etíkun ilẹ̀ wa níhìn-ín, pàápàá Bonny àti Calabar, wọ́n á fi pààrọ̀ èèyàn. Wọ́n á kó àwọn èèyàn náà kọjá òkun lọ sí erékùṣù West Indies, wọ́n á tà wọ́n. Ṣúgà, ọtí, tábà àti òwú ni wọ́n á wá kó padà sí Liverpool. Ọ̀nà mẹ́ta, èrè mẹ́ta, ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tó fi máa di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà, Liverpool ti ju Lọ́ńdọ̀nù àti Bristol lọ nídìí òwò yìí. Tí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ Liverpool lọ kó ẹrú tó nǹkan bí ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún, èèyàn tí wọ́n sì kó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ìdajì gbogbo èèyàn tí ọkọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kó lẹ́rú kọjá òkun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn yìí ò fojú kan Liverpool rí láyé wọn. Owó orí wọn nìkan ló débẹ̀.

Owó náà hàn lára ìlú. Ẹni tó bá gbójú sókè wo ara gbọ̀ngàn ìlú tó wà ní High Street, yóò rí i pé wọ́n gbẹ́ orí èèyàn dúdú àti erin sára ògiri ẹ̀, wọ́n fi ń yangàn pé ibi tí ọlá àwọn ti wá nìyẹn. Bold Street, táwọn èèyàn ti ń najú lónìí, orúkọ oníṣòwò ẹrú kan ló ń jẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé orúkọ oníṣòwò ẹrú kan tó ń jẹ́ James Penny ni wọ́n fi pe Penny Lane, títì tí àwọn olórin Beatles kọrin nípa ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìtàn níbẹ̀ wádìí ẹ̀ ní 2020, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà sí i. William Roscoe, tó jẹ́ aṣòfin Liverpool ní 1807, dìbò pé kí wọ́n fòfin de òwò ẹrú. Nígbà tó padà délé, àwọn awakọ̀ ojú omi ló lọ pàdé ẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀. Kò tún jókòó sílé aṣòfin mọ́ láti ìgbà náà. Òfin ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ ìrìn àjò ẹrú mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ọdún 1807. Ọ̀gá ọkọ̀ kan, Hugh Crow, wà nínú ọkọ̀ tó ti gba ìwé tiẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Oṣù keje ló tó gbéra láti Liverpool, Bonny ló sì forí lé. Ọkọ̀ Kitty's Amelia yẹn ni ọkọ̀ ẹrú tó kẹ́yìn tó bófin mu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó di ọdún 1999 kí ìgbìmọ̀ ìlú Liverpool tó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2007, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ìkónilẹ́rú sí Albert Dock. Wọ́n tì í níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 kí wọ́n lè tún un kọ́.

Epo pupa gbapò ẹrú

Ẹni tó bá rò pé àwọn oníṣòwò Liverpool kúrò lódò wa nígbà tí òwò ẹrú dópin, ó ṣì wọ́n mọ̀. Ọkọ̀ kan náà, odò kan náà, àwọn oníbàárà kan náà ni. Ọjà nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Epo pupa ni wọ́n wá ń rà báyìí. Lásìkò yẹn, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo ni wọ́n fi ń pa ara ẹ̀rọ kó má baà ha. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ.

Nídìí ọṣẹ yìí ni William Hesketh Lever ti di olówó. Ní 1888, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan àti abúlé kan sí Wirral, lódìkejì odò Mersey. Ó sọ ọ́ ní Port Sunlight, orúkọ ọṣẹ tó ń tà. Ó kọ́lé tó dáa fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, ó ṣe ọgbà òdòdó sí iwájú wọn, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, iléèwé àti ilé tí wọ́n ń kó àwòrán sí. Títí dòní làwọn èèyàn ń rìnrìn àjò lọ wo ibẹ̀ torí ẹwà ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ẹyìn, tí wọ́n ń fọ́ èkùrọ́ tó gbé òwò náà ró, ta ló kọ́lé ọlọ́gbà fún wọn?

Orúkọ Lever yìí ò ṣàjèjì sáwọn èèyàn wa. Lever Brothers dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1923, ní 1929 wọ́n di Unilever, ọdún kan náà sì ni UAC bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni báńkì tó padà di First Bank. Liverpool ni wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1894, Bank of British West Africa ló ń jẹ́ nígbà yẹn. Alfred Jones, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Elder Dempster, ló wà nídìí ẹ̀.

Alfred Jones yìí kan náà ló kówó sílẹ̀ ní 1898 tí wọ́n fi dá iléèwé ìṣègùn àrùn ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Liverpool, torí ibà ń pa àwọn awakọ̀ àtàwọn oníṣòwò tó ń wá sí Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Ronald Ross ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902, nítorí ó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Iléèwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn dókítà Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ti kàwé gboyè níbẹ̀.

Ọkọ̀ Apapa, ọkọ̀ Aureol

Láti ọdún 1852 ni ọkọ̀ eléèéfín ti ń kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun wa. Nígbà tó yá, Elder Dempster ló gba gbogbo ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ogun Hitler, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó èrò: Accra, Apapa àti Aureol. Aureol ló kéré jù lọ́jọ́ orí, 1951 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi láti Liverpool dé Èkó, wọ́n á yà ní Las Palmas, Freetown àti Takoradi. Ọ̀pọ̀ lọ́yà, dókítà àti ẹnjiníà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní, inú ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́ọ̀kì jẹun.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọdún 1949, ọkọ̀ Apapa gbé agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún láti Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Liverpool. Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà lára wọn. Crosby, àdúgbò kan létí òkun lápá àríwá ìlú náà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ Marine ni wọ́n sì bá a gbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ò wọ bàtà. Àwọn òyìnbó tó wá wòran ń ya ẹnu, wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tí fèrè dún, àmì ayò márùn-ún sí méjì ni Nàìjíríà fi na Marine. Ẹsẹ̀ lásán ò ní kéèyàn má mọ bọ́ọ̀lù í gbá.

Ní 1972 Aureol kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton, ní 1974 ó ṣíwọ́ pátápátá. Ọkọ̀ òfúrufú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ojú àwọn ọmọ Áfíríkà rí màbo

Gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń padà sílé, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kan dúró. Láti ayé Elder Dempster làwọn awakọ̀ omi láti Freetown, ilẹ̀ Kru àti Nàìjíríà ti ń gbé nítòsí wáàfù. Owó tí wọ́n ń san fún wọn ò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà. Wọ́n fẹ́ obìnrin ibẹ̀, wọ́n bímọ, Toxteth sì di ilé wọn. Liverpool 8 làwọn èèyàn ń pe ibẹ̀, torí nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún un.

Ọdún 1919 ni wọ́n mọ̀ pé àwọn aládùúgbò wọn ò fẹ́ wọn dénú. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àwọn ọmọ ogun ń darí bọ̀, iṣẹ́ ò sì kárí. Ni wọ́n bá dójú lé àwọn èèyàn dúdú. Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọlọ́pàá lọ ká wọn mọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Charles Wootton, awakọ̀ omi ọmọ ọdún 24, tó jagun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sá jáde. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lé e dé Queen's Dock. Ó kó sómi, wọ́n sì ń sọ òkò lù ú níbẹ̀ títí tó fi rì. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Wọn ò mú ẹnì kankan fún ikú ẹ̀ títí dòní. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn dúdú ló sá lọ sábẹ́ ààbò ní àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí rògbòdìyàn náà gbóná, torí àwọn jàǹdùkú ń jó ilé wọn, wọ́n ń fọ́ ọ.

Láàárín ìyà yẹn lẹnì kan dìde. Pásítọ̀ Daniels Ekarte, tó wá láti apá Calabar, awakọ̀ omi lòun náà tẹ́lẹ̀. Ní 1931, ó dá ilé ìjọsìn kan sílẹ̀ ní Hill Street, ní Toxteth. Kì í ṣe àdúrà nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ó ń bọ́ ẹni tébi ń pa, ó ń jà fún owó iṣẹ́ àwọn awakọ̀ omi, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ táwọn sójà dúdú láti Amẹ́ríkà bí sílẹ̀ nígbà ogun Hitler, tí ò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wọ́n. Ọdún 1964 ló kú, ọdún yẹn náà ni wọ́n ti ilé náà pa.

Nígbà tó di oṣù keje, ọdún 1981, àwọn ọmọ ọmọ àwọn awakọ̀ omi wọ̀nyẹn ló bínú. Ìlú ni wọ́n bí wọn sí, èdè Liverpool ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ wọn ò ríṣẹ́, ọlọ́pàá sì ń dá wọn dúró kiri títì. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù náà gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ilé jó ní Upper Parliament Street, ọlọ́pàá tó ju irínwó lọ ló fara pa. Ìgbà yẹn ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ yin tajútajú sáwọn èèyàn lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ìyà ń jẹ ìlú náà.

Kọ̀ńténà dé, iṣẹ́ lọ

Kì í sì ṣe àwọn èèyàn dúdú nìkan ni ìyà náà jẹ. Ní nǹkan bí 1931, èèyàn tó ń gbé Liverpool lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé ogójì. Lára wọn ni ọmọ àwọn ará Ireland tí ìyàn lé wá. Lọ́dún 1847 nìkan, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ló wọ ìlú náà, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Oṣù karùn-ún, ọdún 1941, bọ́ǹbù Jámánì ṣe wọ́n léṣe fún ọjọ́ méje léraléra, èèyàn bí 1,700 ló kú, ilé tó bà jẹ́ ní Bootle ò kéré. Wọ́n la ìyẹn kọjá. Kọ̀ńténà ni ò ṣeé là kọjá bọ̀rọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lébìrà ló ń já ọkọ̀ kan. Nígbà tí kọ̀ńténà dé, kireni kan àtàwọn ọkùnrin díẹ̀ ti tó. Ọkọ̀ wá ń tóbi, àwọn adágún àtijọ́ ò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ tuntun sí Seaforth, lẹ́nu odò, wọ́n sì ti àwọn ti gúúsù ìlú pa ní 1972. Ìdílé tó ti ń jẹun nídìí wáàfù láti ìran dé ìran jókòó sílé. Nígbà tó fi di 2001, èèyàn tó ṣẹ́ kù ò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lé nírinwó lọ. Ìdajì ìlú ti kó lọ. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní 2021, ó ti gòkè díẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ó lé nírinwó.

Ohun tí Liverpool fi tún ara ẹ̀ ṣe ni pé ó ń ta ìtàn ẹ̀. Wọ́n tún Albert Dock ṣí fáwọn àlejò ní 1988. Ní 2008 ìlú náà jẹ́ olú ìlú àṣà ilẹ̀ Yúróòpù. UNESCO tiẹ̀ fi etí omi ẹ̀ sára àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní 2004, ṣùgbọ́n ní 2021 wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, wọ́n ní ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ti pọ̀ jù. Lára ohun tó bí wọn nínú ni pápá bọ́ọ̀lù tuntun tí Everton kọ́ sínú Bramley-Moore Dock, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2025. Everton yìí ni Amokachi, Yobo, Yakubu àti Iwobi ti gbá bọ́ọ̀lù, ọjà sì ni pápá náà máa pa ní àdúgbò tó ti di ahoro. Ta ni UNESCO máa bá jà?

Ẹni tó bá débẹ̀ lónìí, kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní scouse: ẹran, ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà tí wọ́n jọ sè pọ̀. Oúnjẹ àwọn awakọ̀ omi ni, òun ni wọ́n sì fi ń pe àwọn ọmọ ìlú náà. Kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Birkenhead, kó dé Port Sunlight, kó wọ rélùwéè lọ sí Crosby, níbi tí ọgọ́rùn-ún ère irin dúró sí létí òkun láti 2005, tí gbogbo wọn kọjú sómi. Tó bá wá kù díẹ̀ kó padà, kó rìn dé Queen's Dock, ibi tí wọ́n ti lé Charles Wootton wọ omi. Ilé tó dáa pọ̀ níbẹ̀ báyìí, ibẹ̀ sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n omi náà ṣì wà níbẹ̀.